Kí Iná Kọ́kọ́ Bá Omi Sọ̀rọ̀

Ẹni tó bá ń kánjú, kó wá ibi jókòó sí, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fẹ́ràn ìkánjú rárá. Tí ẹ bá bi í pé aago mélòó ló lù, á kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní àkókò, á wá sọ irú ènìyàn tó yẹ kó máa wọ aago, á mẹ́nu ba ibi tí òun ti ra tòun. Ìgbà tó bá fi máa dé orí ohun tí ẹ bi í, aago tí ẹ bi í ti kọjá lọ, òmíràn ti lù.

Olùdarí ètò ìròyìn ni ní iléeṣẹ́ omi ìlú kan. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà á kò le: kó máa jẹ́ kí ará ìlú mọ ibi tí páìpù ti bẹ́, ọjọ́ tí omi ò ní yọ, àti ìgbà tó máa yọ padà. Ó ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó kọ ọ́ kò mọ irú ẹni tí wọ́n rí gbà. Lójú ẹ̀, wọ́n ń pè é ní Olùdarí Jùlọ. Lẹ́yìn ẹ̀, Kòdúrómí ni wọ́n ń pè é, nítorí tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ gbólóhùn kan, kò tún dúró mí mọ́ títí àwọn tó ń gbọ́ ọ fi máa gbàgbé ẹni tó ń ṣe nǹkan àti nǹkan tó ń ṣe.

Kó tó dé, obìnrin kan ló ń bójú tó ìkànnì iléeṣẹ́ náà lórí ayélujára. Àǹtí Ìkànnì ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹnu ẹ̀ mú, ìka ẹ̀ sì yára. Ohun tó máa ń kọ síbẹ̀ kì í ju ìlà méjì mẹ́ta lọ. Ní ọjọ́ tí Kòdúrómí kọ́kọ́ wọlé, ó ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé ìkànnì náà fún òun lórí kọ̀ǹpútà. Ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó rí kòkòrò nínú oúnjẹ.

“Ta ló kọ nǹkan yìí?”

“Èmi ni, sà.”

“Ìyókù ẹ̀ dà?”

“Ìyókù kí ni, sà?”

“Ìyókù ọ̀rọ̀. O ní omi ò ní yọ ní òpópónà ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́la, kí wọ́n pọn sílẹ̀. Ó tán. O ò kí wọn, o ò béèrè ilé, béèrè ọ̀nà, o ò sọ ẹni tó rán ọ níṣẹ́. Gbólóhùn tó rù tó báyìí, ṣé ìyàn ló mú un ni?”

“Ọ̀gá, orí fóònù ni wọ́n ti ń kà á. Ẹlòmíì ń pọnmọ, ẹlòmíì dúró síbi tó ti ń retí ọkọ̀. Ohun tí wọ́n wá ni mo kọ́kọ́ ń gbé fún wọn. Tí ohun tí wọ́n wá ò bá sí lókè, wọ́n á lọ.”

Kòdúrómí yíjú sí igbákejì rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ fi orúkọ igbákejì yìí da ara yín láàmú; irú ẹ̀ wà ní gbogbo ọ́fíìsì, ọrùn rẹ̀ kò sì ní egungun. “O gbọ́ ohun tí ó wí?”

“Mo gbọ́, Olùdarí Jùlọ. Ó ká mi lára. Bí ẹni gbé oúnjẹ síwájú àlejò láìkọ́kọ́ pìtàn ìran ẹni tó sè é fún un ni.”

Láti ọjọ́ náà ni òfin tuntun ti dé. Kò sí ìkéde tó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìkànnì láìjẹ́ pé àwòrán Olùdarí Jùlọ wà lókè rẹ̀, tòun ti gbogbo oyè rẹ̀. Gbólóhùn kankan ò gbọ́dọ̀ parí kí ojú fóònù tó kún. Ó tún wá ṣòfin pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ tí ọmọdé mọ̀, gbogbo wọn di èèwọ̀ pátápátá, nítorí pé iléeṣẹ́ ìjọba kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ wà nínú àgbàlá kan náà.

Ní gbogbo òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, wọ́n á kó ara wọn jọ sí yàrá ńlá, Kòdúrómí á ka iṣẹ́ tuntun tó fẹ́ gbé síta fún wọn. Igbákejì ló máa ń lé ìmí-ẹ̀dùn. Tí ọ̀gá bá ti dé ibi ọ̀rọ̀ tó gùn dáadáa, á mí kanlẹ̀, á ní “hùn-ùn,” àwọn tó kù á gbè é. Nígbà kan, akọ́wé owó mí ẹ̀dùn síbi tí kò yẹ. Oorun ló ń kùn ún, tí ó sì ta jí lójijì. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé e lọ máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìdídò omi lẹ́yìn ìlú, ibi tó jẹ́ pé àkèré nìkan ni wọ́n jọ ń fikùn lukùn.

“Nígbà tí mo ka ti òní dé àárín,” igbákejì sọ lọ́jọ́ kan, “ńṣe ni mo ní láti jókòó.”

Ó ti jókòó tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an létí.

Àǹtí Ìkànnì kò tètè gbà. Ó wá bá ọ̀gá nínú ọ́fíìsì, ó fi hàn án lórí kọ̀ǹpútà pé àwọn ènìyàn ń ṣí ojú ìwé náà, wọ́n sì ń tì í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. “Wọn kì í kà á dé ibi ọ̀rọ̀, sà. Wọ́n á rí àwòrán yín, wọ́n á sì sá.”

“Ẹ̀rù ni,” Kòdúrómí dáhùn, inú ẹ̀ sì dùn. “Ẹni tó bá ko ọba lójijì, ṣé kì í yà lọ́nà ni?”

Ohun tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni òkìkí. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti rí ohun ṣeré. Wọ́n á gbé fóònù dání, wọ́n á mí sínú, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí ka gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìkéde tuntun, ẹni tó bá kà á tán láìmí ni wọ́n ń kan sáárá sí. Fídíò rẹ̀ kún orí ayélujára. Àwọn kan á kà á títí ojú wọn á fi pọ́n. Ìyá ẹlòmíì á ti ẹ̀yìn wá fọ́ ọ létí. Nígbà tí Kòdúrómí rí i, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ayé òun kò já sí asán.

Ó ránṣẹ́ pe ẹni tó borí gbogbo wọn wá sí iléeṣẹ́. Onídìrí ni, obìnrin tí àyà ẹ̀ fẹ̀, tó máa ń fi ẹnu ran iná nígbà tí gáàsì bá tán. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún un. Kòdúrómí sọ̀rọ̀ ìkíni fún un títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí ro ó, lẹ́yìn náà ló wá gbé ẹ̀bùn lé e lọ́wọ́: àwòrán ara rẹ̀, nínú férémù.

“Ẹ ṣé, sà,” onídìrí wí. Ó wo àwòrán náà, ó wo ẹni tí wọ́n yà síbẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín. Omi òpópónà wa, ìgbà wo ló máa yọ? Mo ń ra omi fọ irun oníbàárà mi.”

“Ó wà nínú ohun tí o kà.”

“Mo kà á tán láìmí, sà. N kò bá a pàdé.”

Kòdúrómí rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bà á léjìká. “Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í yéni lẹ́ẹ̀kan náà. Padà lọ kà á, kí o sì máa mí.”

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń lọ, tí ará ìlú ń rẹ́rìn-ín, tí ọ̀gá ń rò pé orí òun ni wọ́n ń wú. Ọ̀rọ̀ kò tíì di ẹkún. Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó ti dì í.

Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹnjinníà iléeṣẹ́ náà já wọ ọ́fíìsì Kòdúrómí tòun ti bàtà tó kún fún ẹrẹ̀, kò sì jókòó.

“Ọ̀gá, ọ̀nà ya lulẹ̀, páìpù ńlá fọ́, omi gọ́tà ti ń wọ inú ẹ̀. A ti ń gbẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa gba ọjọ́ díẹ̀. Ẹ bá wa sọ fún ìlú kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ láìsè. Onígbá méjì á wọ̀lú báyìí.”

Àǹtí Ìkànnì wà níbẹ̀. Kí ẹnjinníà tó pa ẹnu dé, ó ti kọ ọ́ sórí fóònù rẹ̀, ó sì kà á sókè: “Ẹ má mu omi ẹ̀rọ láìsè. Omi gọ́tà ti wọ inú páìpù. Tó bá ti dára, a máa sọ fún yín.”

“Gbé e síta,” ẹnjinníà sọ, ó sì jáde.

“Má gbé nǹkan kan síta,” Kòdúrómí sọ. Ó dìde dúró, ó tún ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣe. “Ọjọ́ tí ìlú wà nínú ewu ni ìlú ń wo ojú àgbà. Ṣé ‘gọ́tà’ ni o fẹ́ kí ìtàn ka sí mi lọ́rùn? Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọlé.”

Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe tì í tán, gbogbo ọ́fíìsì gbé fóònù. Àǹtí Ìkànnì pe ọkọ rẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Igbákejì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán ní kíá lójú ọ̀gá, sá lọ sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó pe ìyàwó rẹ̀, gbogbo ohun tó sọ kò ju “Má mu omi ẹ̀rọ o” lọ, ó sì gé e. Ẹ ò rí i pé gbogbo wọn mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìkéde.

Kòdúrómí nìkan ni kò pe ilé. Ìyá rẹ̀ wà ní ilé rẹ̀, òun àti ìyá náà nìkan ló sì ń gbé ibẹ̀, nítorí ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ pè é sí? Kò sí ọjọ́ kan tí ìyá náà kì í ṣí ìkànnì. Nínú gbogbo ìlú, òun nìkan ló ń ka ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Kòdúrómí jáde, òógùn bò ó, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni: “Omi, Ẹ̀dá, àti Ọgbọ́n Ìṣàkóso: Àròjinlẹ̀ Olùdarí Jùlọ.” Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ ayé ṣì jẹ́ omi. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn odò ńlá ayé kọjá, ó yà kí àwọn tó kọ́ ìdídò àkọ́kọ́, ó sọ bí òun ṣe kọ́ ìwẹ̀ nígbà èwe. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ibi tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó wá kọ ọ́ pé: “ní irú àsìkò elégèé yìí, ó tọ́, ó sì yẹ, kí iná kọ́kọ́ bá omi sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kí ọ̀fun tó gbà á lálejò.”

Igbákejì mí kanlẹ̀. “Hùn-ùn.”

Àǹtí Ìkànnì kà á, ó tún un kà. “Ọ̀gá, ṣé ‘ẹ se omi’ nìyí?”

“‘Sè.’” Kòdúrómí yínmú. “Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná.”

“Ilé ìdáná náà ni wọ́n ti máa sè é, sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìlà kan péré sókè.”

“Òkè wà fún àwòrán.”

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí Àǹtí Ìkànnì kò kọ̀ jálẹ̀. Ó fẹ́ kọ̀. Ó rántí akọ́wé owó àti àwọn àkèré, ó rántí àwọn ọmọ rẹ̀, ó gbé e síta bó ṣe wà. Ó sọ fún mi pé títí dòní, ìka tó fi tẹ̀ ẹ́ ṣì máa ń ta á.

Nígbà tí Kòdúrómí délé, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga nínú pálọ̀, fóònù wà lórí itan rẹ̀. Ó ti fẹ àwọn lẹ́tà náà títí ọ̀rọ̀ kan fi kún ojú fóònù.

“Mo ti kà á, ọmọ mi. Mo kà á tán pátá.”

“Ó yé yín, Màmá?”

“Ó wọ̀ mí lára. Ọlọ́run ò ní gba ìkọ̀wé lọ́wọ́ rẹ.”

Kòdúrómí ṣe àmín, ó sì lọ sùn pẹ̀lú ayọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í mu omi ẹ̀rọ. Omi inú ike ni ọ́fíìsì ń gbé fún un.

Àìsàn ti kọlu ìyá náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ máa fi jí, ó ti bì, ó ti yàgbẹ́ títí kò fi lè dìde mọ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Kòdúrómí gbé e sẹ́yìn mọ́tò, ó wà á lọ sí ọsibítù. Ní ọ̀nà, ó bá ọkọ̀ àtúnṣe iléeṣẹ́ omi pàdé; ẹnjinníà dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn rẹ̀ ti há, ó ń pariwo láti òpópónà dé òpópónà: “Ẹ se omi kí ẹ tó mu ún. Ẹ se omi.” Àwọn ènìyàn ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń da omi inú kẹ́ẹ̀gì nù. Kò sẹ́ni tó béèrè ìtumọ̀.

Ọsibítù ti kún. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì fa omi sí ìyá náà lápá, ó ní wọ́n tètè gbé e dé, kó máa gbàdúrà. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì kí ìyá tó lajú dáadáa, tó wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì láìwọ kóòtù.

“Màmá,” ó ní, “ṣebí ẹ kà á.”

“Mo kà á.”

“Ṣebí ẹ dé ibi tí mo ti ní kí iná kọ́kọ́ bá omi sọ̀rọ̀.”

“Mo débẹ̀. Mo ṣe àmín. Mo rò pé àdúrà ni.”

Télọ̀ kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, tí wọ́n fa omi sí lápá bákan náà. Ó yíjú sí wọn. “Ti ẹ̀yin dára, Ìyá. Èmi rò pé iléeṣẹ́ panápaná ló fẹ́ bá iléeṣẹ́ omi ṣèpàdé ni.”

“Ohun tó túmọ̀ sí,” Kòdúrómí sọ jẹ́jẹ́, “ni pé kí ẹ se omi.”

Ìyá rẹ̀ wò ó fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe ìwò ìbínú. Ìwò ẹni tó ń wá ọmọ tó bí nínú èrò ni.

“Ṣé ‘sè’ ti kúrò nínú èdè wa ni?”



Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́ pè é, wọ́n ti fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Kò sí ẹni tó kú láàárín ìlú, ẹnjinníà àti ohùn rẹ̀ tó há ni ìlú dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá Alága jókòó ní orí tábìlì gígùn, obìnrin arúgbó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n tẹ ìkéde náà sórí ìwé, wọ́n gbé e fún Kòdúrómí.

“Kà á fún wa,” Ìyá Alága wí. “Tí o bá dé ibi tí o ti ní kí wọ́n má mu omi, kí o dúró.”

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó kà á gba orí ilẹ̀ tó jẹ́ omi, ó kà á gba odò, ó kà á gba ìwẹ̀ ìgbà èwe. Ẹnìkan húkọ́. Ẹlòmíì wo aago ògiri. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ó wo ife omi tó wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó dé ibi tí iná ti ń bá omi sọ̀rọ̀, ojú tì í débi pé ó kà á sínú, ó sì kọjá rẹ̀. Ìwé tán.

“O ò dúró,” Ìyá Alága wí.

Kòdúrómí wo igbákejì rẹ̀. Igbákejì ti sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

“Ìyá Alága, ẹ jọ̀ọ́, mà, láti ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti dé, kò sí ohun tó kọ tó yé mi,” igbákejì sọ. “Ìmí tí mo ń mí nígbà yẹn, ìnira ni.”

Inú bí Kòdúrómí, ẹnu rẹ̀ sì là. “Ní ìbámu pẹ̀lú ipò àti ojúṣe tí a gbé lé èmi Olùdarí Jùlọ lọ́wọ́, tí a bá fi ojú àròjinlẹ̀ wo bí ọ̀ràn yìí ṣe...”

Ìyá Alága gbé ọwọ́ sókè. “Ṣe bí ẹni pé èmi ni ìyá rẹ. Mo ti bu omi náà. Ife ti dé ẹnu mi. Kí lo fẹ́ sọ fún mi?”

Kòdúrómí dúró, ó mí.

“Màmá,” ó ní, “ẹ má mu ún.”

“Ó ṣe é sọ nígbà náà,” Ìyá Alága wí, ó sì pa ìwé náà dé.

Wọ́n gba káàdì ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀. Igbákejì ti ń múra láti gba àga rẹ̀. Wọ́n ní kí igbákejì kọ́kọ́ lọ rọ́pò akọ́wé owó ní ẹnu ọ̀nà ìdídò. Kòdúrómí fi ẹsẹ̀ rìn délé, nítorí mọ́tò iléeṣẹ́ ni mọ́tò náà.

Ìyá rẹ̀ jókòó sí pálọ̀, ó ti rù díẹ̀, fóònù wà lórí itan rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kòdúrómí jókòó tì í, ó mú fóònù náà. Ó ti mọ ohun tó máa wà lórí ìkànnì, àmọ́ ó ṣí i. Kò sí àwòrán lókè. Kò sí oyè. Ohun tí Àǹtí Ìkànnì kọ nìkan ló wà níbẹ̀: “Páìpù ti dára. Ẹ lè mu omi ẹ̀rọ láti òní lọ. A ti yọ olùdarí ètò ìròyìn kúrò nípò.”

Ó wò ó sókè, ó wò ó sílẹ̀, ó ń wá ibi tó lè gbà túmọ̀ rẹ̀ sí nǹkan mìíràn. Kò síbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó kà á jẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì.

“Èyí yé mi,” ó ní. Ó fi fóònù sílẹ̀, ó gbá ọmọ rẹ̀ lórúnkún pẹ́pẹ́. “Lọ bu omi wá fún mi.”

Kòdúrómí dìde, ó lọ bù ú wá.